Ọwọ́ Ń Ṣiṣẹ́, Etí Ń Kẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí ìyá mi ń rán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn bí wọ́n bá délé. Rédíò máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì máa ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Bí ọwọ́ ṣe ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ni etí ń gba ọ̀rọ̀. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ètò ìdìbò, nípa oògùn ibà, àti nípa ohun tó mú kí owó epo lọ sókè.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé wa. Wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Owó oṣù ibẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ilé wa ti dákẹ́. Níbi iṣẹ́ náà, kò sí rédíò, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ, fóònù sì ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Ohun kan náà ni ọwọ́ ń ṣe láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́: mú un, tò ó, lẹ̀ ẹ́ pa, gbé e kúrò. Bí ìyá mi bá dé, wọn yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò máa wo ilẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ yẹn le púpọ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ náà kò le, ọmọ mi. Orí mi ni kò rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé e lọ bá olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìtàn, mo bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àwọn òṣìṣẹ́ kan ti wà rí tí wọ́n rí oògùn irú àárẹ̀ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wá ìtàn àwọn tí ń di tábà ní Kúbà. Mo wá a, mo kà á, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ní àwọn ọdún 1860, iṣẹ́ tábà dídì wà lára àwọn iṣẹ́ tó gba èrò jù lọ ní Havana, olú-ìlú Kúbà. Sìgá tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti inú bébà pẹlẹbẹ tí a mọ̀. Ewé tábà gbígbẹ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ká mọ́ra wọn. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó sídìí tábìlì, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní chaveta yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gé ewé, yóò ká díẹ̀ sínú, yóò fi òmíràn dì í, yóò wá fi ewé tó dán jù wé e lóde. Bí ó bá parí ọ̀kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Iye tí ó bá dì ni wọ́n fi ń sanwó fún un. N kò sọ ìtàn yìí láti yin sìgá o; gbogbo wa la mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí ń dì í ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà: àwọn òyìnbó tó ti Sípéènì wá, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira, àwọn ọmọdé tí ń kọ́ṣẹ́, àti àwọn ẹrú pẹ̀lú, nítorí pé ọdún 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Kúbà. Ìran Yorùbá sì wà ní ìlú náà. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ wó, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó gba orí omi lọ sí Kúbà. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, ìtàn yìí kì í ṣe ti àjèjì pátápátá.

Ẹni kan ti rí ìṣòro náà kí àwọn òṣìṣẹ́ tábà tó rí ojútùú rẹ̀. Ní ọdún 1839, ọmọ Sípéènì kan tí ó ń jẹ́ Jacinto de Salas y Quiroga rin ìrìn-àjò dé oko kọfí kan ní Kúbà. Ó bá àwọn ẹrú níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ṣa èso kọfí, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wò ó pé ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà ń lò. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹnì kan kò lè máa kàwé sókè fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún 26 kọjá kí irú èrò bẹ́ẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé-iṣẹ́ tábà.

Ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé níbẹ̀ ni Saturnino Martínez. Ọmọ Sípéènì ni òun náà, akéwì ni, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di tábà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1865, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ó pe orúkọ rẹ̀ ní La Aurora, èyí tí ó túmọ̀ sí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Àwọn tí ó kọ ìwé ìròyìn náà fún, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Kí ni ìwé ìròyìn yóò ṣe fún ẹni tí kò mọ a yàtọ̀ sí b? Ìdáhùn tí wọ́n rí rọrùn: bí ẹyọ ẹnì kan bá mọ̀wé kà nínú gbọ̀ngàn kan, gbogbo gbọ̀ngàn náà ti mọ̀wé kà nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1865, nílé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ El Fígaro, ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi 300 ló wà níbẹ̀. Wọ́n yan ẹnì kan láàárín ara wọn pé kí ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, kí ó gbé ìwé. Nígbà tí ó jẹ́ pé iye tí ènìyàn bá dì ni wọ́n fi ń sanwó, ẹni tí ń kàwé yóò pàdánù owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù bá dá owó jọ láti fi dí i fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1866, ilé-iṣẹ́ Partagás náà ti gbà á, wọ́n sì ṣe pẹpẹ kan síbẹ̀ tí òǹkàwé yóò máa dúró lé kí ohùn rẹ̀ lè dé ibi gbogbo. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti ràn ká àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ owó yìí, nítorí pé òun ni ó ya mí lẹ́nu jù. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olówó. Ó ní iye sìgá tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dì kí ó tó rí oúnjẹ gbé wá fún ọmọ. Síbẹ̀, wọ́n yọ nínú owó yẹn, wọ́n fi gba ẹni tí yóò máa kàwé fún wọn. Kì í ṣe ọ̀gá ló fún wọn lẹ́bùn, kì í ṣe ìjọba ló pàṣẹ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń bèèrè bóyá ọkàn òṣìṣẹ́ nílò ohun mìíràn yàtọ̀ sí owó oṣù, ẹ̀rí rèé. Ohun tí ẹni tí kò ní púpọ̀ bá fi owó rẹ̀ rà, kò lè jẹ́ ohun yẹpẹrẹ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí inú fi bí àwọn aláṣẹ. Sípéènì ló ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ìròyìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1866, àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwé kíkà tàbí àríyànjiyàn tí kò kan iṣẹ́ gba ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ tábà mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: àṣà náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àwọn kan tún ń sọ pé ìwé kíkà yóò dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi iye tó dì sanwó fún, bí ó bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, àpò ara rẹ̀ ni ó ń jí. Ní ti ìbẹ̀rù àwọn aláṣẹ pé ìwé yóò la àwọn òṣìṣẹ́ lójú, òótọ́ ni wọ́n sọ, ìtàn sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1868, ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ ní Kúbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń di tábà sá gba orí òkun lọ sí Key West ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ní ọdún 1886, ilé-iṣẹ́ tábà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Ybor City lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Tampa. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé òǹkàwé wọn dání lọ sí ibi gbogbo tí wọ́n lọ. Ní Kúbà pàápàá, àṣẹ kò lè pa àṣà náà títí láé. Bí ogun ṣe rọlẹ̀ ni ó tún yọ orí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣe máa ń rí ní Tampa. Ní àárọ̀, òǹkàwé yóò gun orí pẹpẹ, yóò ka ìwé ìròyìn. Bí ìwé ìròyìn náà bá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Sípáníìṣì bí ó ṣe ń kà á lọ. Ní ọ̀sán, yóò gbé ìwé ìtàn àròsọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń dìbò yan ìwé tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ Cervantes ti Sípéènì, ti Victor Hugo àti Alexandre Dumas ti ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn. Bí òǹkàwé bá kà á dáadáa, wọn kì í pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ wọn dí; ọ̀bẹ chaveta ni wọ́n fi ń gbá tábìlì, gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì máa dún gbàgbàgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìtàn kò tíì parí, ohun tí wọn yóò máa rò lọ sílé ti wà lọ́kàn wọn nìyẹn, wọn yóò sì fẹ́ padà wá lọ́la.

Ìgbà tí mo ka ibi yìí ni mo rántí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ti ìyá mi. Ohun tí àwọn ará Tampa ní nìyẹn: ohun tí wọn yóò gbé relé yàtọ̀ sí àárẹ̀.

Láti inú àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òmìnira. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1891, José Martí, akéwì tó di aṣáájú ìjà òmìnira Kúbà, wá sí Tampa, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ tábà sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó dá owó jọ fún ìjà náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ọdún 1895. Ẹni tí ó ti gbọ́ ìwé fún ogún ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òmìnira fún un.

Kì í ṣe àwọn ará Kúbà nìkan ló ṣe é. Ní ìlú New York, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí London ní ọdún 1850 ń di tábà nínú ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Gompers. Níbẹ̀, ẹnì kan nínú wọn a máa kàwé fún àwọn tó kù, àwọn tó kù a sì fún un lára sìgá tí wọ́n dì kí iye tirẹ̀ má bàa dín. Gompers sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ṣọ́ọ̀bù ni òun ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1886, òun ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí àwọn kan rò pé ọwọ́ nìkan ló ní, orí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà yẹn.

Ó wá ku ọdún 1931. Ọrọ̀ ajé ti bàjẹ́ káàkiri ayé nígbà náà, ìjà sì pọ̀ láàárín àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ní Tampa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ yọ òǹkàwé kúrò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni wọ́n ń kà. Àwọn òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde síta. Ẹ wò ó: nígbà tí iṣẹ́ kò rọrùn rí, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tí ń kàwé fún wọn! Ṣùgbọ́n wọn kò borí. Òǹkàwé kò padà sórí pẹpẹ mọ́ ní Tampa, rédíò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló burú nínú rédíò? Ṣebí rédíò ni mo yìn ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Mo ti ro ìyẹn dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n yí ibùdó padà, wọ́n sì lè bá ohun tí wọ́n gbọ́ jiyàn. Ní Tampa, wọ́n gba ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yàn fúnra wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ohun tí ẹlòmíràn yàn fún wọn dípò. Rédíò kò ní dìbò pẹ̀lú wọn lórí ìwé tí yóò kàn. Ohun tí ó fún òǹkàwé ní agbára láti tu ọkàn lára ni pé tiwọn ni: àwọn ló yàn án, àwọn ló ń sanwó rẹ̀, àwọn ló sì lè dá a dúró.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbi iṣẹ́. Èkíní ni ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ nílò: bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, bí a kò ṣe ní fara pa. Ìjọba wa mọ pàtàkì rẹ̀. Ní ọdún 1971, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, Industrial Training Fund, láti máa rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Lábẹ́ òfin rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún sí àpò àjọ náà. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà, èyí tí ènìyàn tí ń ṣe iṣẹ́ náà nílò kí ó lè máa jẹ́ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ yìí kò mú páálí yá, kò sì mú ẹ̀rọ sáré. Àìsí rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ìyá mi máa wo ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

N kò sọ pé ìwé kíkà ló yanjú gbogbo ìṣòro. Ìwé kíkà kò fi kún owó iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀, kò sì tú ẹrú sílẹ̀. Bí ebi bá ń pa ènìyàn, ìtàn àròsọ kò lè rọ́pò oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Havana kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ìkejì. Wọ́n jà fún owó, wọ́n sì jà fún ọkàn wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí àwa náà mú nínú ọgbọ́n tiwọn.

Àṣà náà ṣì wà láàyè ní Kúbà. Títí di òní, òǹkàwé ṣì ń kàwé fún àwọn tí ń di tábà níbẹ̀, ìjọba wọn sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012.

Nígbà tí mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún ìyá mi, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ni yóò wá sanwó òǹkàwé níbi iṣẹ́ tiwa?" Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ló san án. Wọn kò dáhùn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra ìwé ìròyìn Aláròyé ní ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ dá owó rẹ̀. Ọ̀gá wọn kò fún wọn ní pẹpẹ, wọn kò sì tọrọ rẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń lò, lábẹ́ igi tó wà lẹ́bàá ọgbà. Ìyá mi ló ń kà á, nítorí pé àwọn ló mọ̀wé Yorùbá kà jù. Wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó, àti pé nígbà tí wọ́n bá padà sídìí páálí, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ń rò lọ́kàn títí wọ́n fi ń ṣíwọ́.

Lánàá, kí wọ́n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè mí. Wọ́n ní kí n wá gbọ́ ohun tí wọ́n kà, nítorí pé òun àti ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti jiyàn lé e lórí, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó jàre.